Ilẹ̀ Tí Wọ́n Ní A Ò Lò

Nínú ilé yẹn, bí ó bá ti rẹ ènìyàn, wọn a ní kó lọ jókòó. Bí ó bá sì rẹ ilẹ̀, wọn a ní kí ilẹ̀ náà jókòó. Bí bàbá wọn ṣe kọ́ wọn nìyẹn, bí ẹni tó bí bàbá wọn sì ṣe kọ́ òun náà. Ojú mẹ́rin ni wọ́n pín oko sí. Mẹ́ta a máa ṣiṣẹ́, ọ̀kan a máa sinmi, títí koríko á fi ga ju ènìyàn lọ lórí rẹ̀, tí ewé á máa jábọ́ sórí ewé, tí ilẹ̀ á tún padà dúdú, tí á sì rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ bíi tìmùtìmù. Ìgbà náà ni wọ́n á tó padà sí i, òmíràn á sì lọ jókòó. Ẹni tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ lè débẹ̀ kó ní igbó lásán ni. Igbó kọ́. Oúnjẹ ọdún mìíràn ló wà níbẹ̀ tó ń sùn.

Ìyá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá wọn obìnrin, ló ń pàṣẹ ìsinmi yìí. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, ẹnu rẹ̀ ò tẹ̀. Ó kàn máa bu erùpẹ̀ díẹ̀, á fi àtàǹpàkò rin ín, á ní, "Ẹ fi eléyìí sílẹ̀, ó ti ń mí gúlegúle." Ọ̀rọ̀ bùṣe. Àwọn tó ń fi ọkọ́ jẹ́ iṣẹ́ tó bá rán wọn ni àwọn ọmọ àbúrò rẹ̀ méjèèjì: ọkùnrin tí gbogbo ilé ń pè ní Bọ̀dá, àti obìnrin tó ti di ìyá ọmọ méjì, tí ọkọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ́nà jíjìn, síbẹ̀ tí wọn ò yéé pè ní Àbíkẹ́yìn.

Òfin tuntun náà, orí rédíò ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Wọ́n ní ìjọba ò fẹ́ kí ebi pa ará ìlú mọ́. Wọ́n ní ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò bá lò, ìjọba á gbà á, á gbé e fún ẹni tó máa lò ó. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí bí oyin. Ìyá Àgbà gan-an mi orí sí i. "Ọ̀lẹ nìkan ni yóò bínú sí òfin yẹn," ló wí.

Kò pẹ́ tí ọmọ ìjọba fi dé. Orúkọ tí Ìyá Àgbà sọ ọ́ nìyẹn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ọ́fíìsì ètò ọ̀gbìn, tó gun ọ̀kadà wá, tó di fóònù mú bí ẹni tó gbé ẹyin lọ́wọ́. Ó rin etí oko yí ká, fóònù ń wọn ilẹ̀ fún un. Ó yẹ àgbàdo wò, ó yẹ ẹ̀wà wò, ó yẹ gbágùúdá wò. Nígbà tó dé ojú òkè, èyí tó sún mọ́ títì, ó dúró.

"Ìyá, eléyìí ńkọ́?"

Ara fu Àbíkẹ́yìn. Kò mọ ohun tí ó jẹ́. Ó kàn rí i pé ọmọ ìjọba ti gbé àtàǹpàkò sórí fóònù, ó ń dúró de ìdáhùn. Ṣùgbọ́n bí àgbà bá ń sọ̀rọ̀ nínú ilé yẹn, ọmọdé a fi ahọ́n há eyín ni. Ìyá Àgbà na ọwọ́ sí ilẹ̀ náà bí ẹni tó ń fi ẹran tó sanra han àlejò.

"Ìyẹn? Ìyẹn ló dára jù nínú wọn. A ò fọwọ́ kàn án láti bí ọdún mẹ́rin. Ọkọ́ ò kàn án, àdá ò kàn án. Lọ bèèrè lọ́wọ́ gbogbo ará àdúgbò, wọn á sọ fún ọ pé èmi ò ń fi ilẹ̀ ṣeré."

"Ọdún mẹ́rin," ni ọmọ ìjọba wí, ó sì tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù. "Ẹ ṣeun, Ìyá."

"Ẹ gé àgbàdo fún un kó máa lọ," ni Ìyá Àgbà wí. Wọ́n sì gé àgbàdo fún un. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi dì í sẹ́yìn ọ̀kadà fún un, wọ́n sì ní kó rọra máa lọ.

Ẹ wo irú àṣìṣe yẹn. Ọ̀lẹ tó ti pa oko rẹ̀ tì ì bá ti parọ́. Ì bá ní òun ń bọ̀ wá tú u lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ì bá sì bọ́. Àgbẹ̀ tòótọ́ nìkan ló lè fi ìsinmi ilẹ̀ yangàn lójú ẹni tó ń wá ilẹ̀ tí yóò gbà.

Nígbà tí wọ́n máa tún fi dé ojú òkè, irin pupa ti dúró ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀. Ọkùnrin kan jókòó sábẹ́ agbòòrùn létí títì, ó wọ bàtà ológun tí kò ní okùn. Sójà ni wọ́n ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ìfowópamọ́ ló ti ṣọ́ rí, kì í ṣe ogun.

"Ẹ káàárọ̀ o," ni Àbíkẹ́yìn wí. "Kí lẹ ń ṣe níbí?"

"Mò ń ṣọ́ ilẹ̀."

"Ilẹ̀ ta ni?"

"Ti Baba Katakata ni."

Bọ̀dá gbé ọkọ́ kalẹ̀ láti èjìká. Kò sí ẹni tí kò mọ Baba Katakata. Òun ló ni gbogbo ilẹ̀ tó wà lódìkejì odò, ibi tí agbo ilé bí ogún ti ń dáko tẹ́lẹ̀. Ó ní katakata bí ẹlòmíràn ṣe ń ní adìẹ, ṣùgbọ́n wọn ò rí ẹrẹ̀ ní gìgísẹ̀ rẹ̀ rí. Bí òfin kan bá ti jáde lónìí, lọ́la ni ilẹ̀ rẹ̀ máa tóbi sí i. Nígbà tí ìjọba yá àgbẹ̀ lówó, òun ni wọ́n yá. Nígbà tí wọ́n pín ẹ̀rọ tó ń fa omi, òun ló gbà á. Àwọn tí ilẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ wọn ló sì wá ń bá a ro oko lórí ilẹ̀ ọ̀hún, tí wọ́n ń kí i ní "ẹ kú iṣẹ́, sà."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló lọ sí ọ́fíìsì. Fáànù ń yí lókè, kò fẹ́ atẹ́gùn kankan sísàlẹ̀. Bẹ́ǹṣì tí wọ́n jókòó lé ní ẹsẹ̀ kan tó kúrú, gbogbo ìgbà tí Bọ̀dá bá mí sókè ni Ìyá Àgbà ń lọ sílẹ̀. Ọmọ ìjọba jókòó sẹ́yìn tábìlì. Ó dá wọn mọ̀, ojú sì tì í díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú tó ń tì í yẹn ò dá ilẹ̀ padà.

"Ìyá, ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ fún mi."

"Mo sọ fún ọ pé ó ń sinmi."

"Kò sí àyè 'ó ń sinmi' nínú ohun tí wọ́n ní ká tẹ̀. Wọ́n lò ó, tàbí wọn ò lò ó. Méjì péré ló wà níbẹ̀."

"Ìwọ náà ń sùn lóru," ni Ìyá Àgbà wí. "Ṣé wọ́n máa gbé ọ fún ìyá mìíràn ni?"

Akọ̀wé kan tó jókòó lẹ́bàá wíńdò rẹ́rìn-ín, ó sì yára fi ìwé bo ẹnu.

Bọ̀dá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ jẹ́ ká fi ti òkè sílẹ̀ ná. Bí ojú mẹ́ta péré bá kù, tí kò sí èyí tó lè sinmi nínú wọn mọ́, ajílẹ̀ nìkan ló lè gbé wọn dúró. Ajílẹ̀ tí ìjọba ń dín owó rẹ̀ ńkọ́?

Ọmọ ìjọba wo ojú kọ̀ǹpútà. "Ilẹ̀ yín kéré sí ti àwọn tí a ń fún."

"Ṣé kò kéré tẹ́lẹ̀?"

"Rárá, tẹ́lẹ̀ ó tó. Ó kù díẹ̀ káàtó báyìí ni."

"Báyìí tí ẹ ti gé e," ni Bọ̀dá wí.

Ojú Àbíkẹ́yìn ti wà lára ògiri láti ìgbà díẹ̀. Àwòrán ńlá kan wà níbẹ̀, ọkùnrin kan ń rẹ́rìn-ín nínú pápá tútù. Ó ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ sókè, díẹ̀díẹ̀, kí Ìyá Àgbà lè gbọ́: "Jẹ́ kí ilẹ̀ rẹ sinmi. Ìjọba yóò san owó ìsinmi fún ọ."

Ìyá Àgbà yí ọrùn. "Kí ló wí?"

"Ìyẹn, ti àwọn àgbẹ̀ ńlá ni," ni ọmọ ìjọba yára wí. "Ètò ọ̀tọ̀ ni. Ilẹ̀ ẹni gbọ́dọ̀ tóbi dé ìwọ̀n kan kó tó lè wọ̀ ọ́."

"Kí ó yé mi," ni Àbíkẹ́yìn wí. Ohùn rẹ̀ kò ga. "Bí àwa bá jẹ́ kí ilẹ̀ wa sinmi, ẹ ní a ò lò ó, ẹ máa gbà á. Bí ẹni tó ní púpọ̀ bá jẹ́ kí tirẹ̀ sinmi, ẹ máa kí i kú iṣẹ́, ẹ máa fún un lówó."

"Madam, ẹ má sọ ọ́ báyẹn."

"Báwo ni kí n ṣe sọ ọ́?"

Ọmọ ìjọba ń wá bírò lórí tábìlì, bírò sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nílé, Bọ̀dá kò jẹun. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ọ̀bẹ ha ẹrẹ̀ kúrò lára bàtà. Mánẹ́jà Baba Katakata ti bá a sọ̀rọ̀, ló wí. Wọ́n fẹ́ gba ojú mẹ́ta tó kù fún ogún ọdún. Wọ́n á máa san nǹkan lọ́dọọdún, wọ́n á sì gba òun àti Àbíkẹ́yìn síṣẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ni bàbá fi oko sílẹ̀ fún, àwọn méjèèjì ló gbọ́dọ̀ tọwọ́ bọ̀wé.

"Síṣẹ́ níbo?" ni Àbíkẹ́yìn bi í.

"Níbẹ̀ náà ni."

"Ká máa ro oko bàbá wa fún Baba Katakata."

"Sọ èyí tí o fẹ́ ká ṣe fún mi." Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ rẹ̀. "Ilẹ̀ kò lè sinmi, a ò sì rí ajílẹ̀. Ọdún méjì ni yóò gbé kó tó di eruku. Wọ́n ti dí ibí, wọ́n ti dí ọ̀hún, wọ́n fi ilẹ̀kùn kan ṣoṣo sílẹ̀, ẹnu ọ̀nà Baba Katakata sì ni. Ṣé o rò pé mi ò rí i ni? Mo rí i. Ó ti rẹ̀ mí ni."

Irọ́ kò sí nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ohun tó sì dun Àbíkẹ́yìn nìyẹn. Bí bọ̀dá rẹ̀ bá jẹ́ òmùgọ̀, ì bá rí i bú. "Ẹ fún mi láyè di ìgbà ìkórè," ló bẹ̀ ẹ́. "Bí àgbàdo tí yóò gbé wa dé ọdún mìíràn ò bá wọlé, màá tọwọ́ bọ̀ ọ́."

"Láti inú ilẹ̀ wo?" ni Bọ̀dá wí, ó sì wọlé.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, òmíràn tẹ̀lé e. Ojoojúmọ́ ni Àbíkẹ́yìn ń fetí sílẹ̀ fún ìró katakata láti òkè. Kò gbọ́ nǹkan kan. Gbogbo ayé ń gbìn, koríko ojú òkè ń gbádùn ara rẹ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó lọ bá Sójà lábẹ́ agbòòrùn.

"Sójà, ọ̀gá yín ò tíì ráyè ni? Àkókò ìgbìn ń lọ."

"Wọn ò gbin nǹkan kan síbẹ̀."

"Kí ni wọ́n gbà á fún?"

Sójà wo títì lọ, ó wò ó bọ̀, bíi pé ọ̀gá rẹ̀ lè wà lórí igi. "Mánẹ́jà ní kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Àwọn èèyàn ìjọba máa wá yẹ̀ ẹ́ wò tó bá yá. Wọ́n ní..." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Wọ́n ní ó ń sinmi."

Àbíkẹ́yìn jókòó sórí òkúta létí títì. Ilẹ̀ tí wọ́n gbà nítorí pé ó ń sinmi. Wọ́n gbà á kí ebi má baà pa ìlú. Wọ́n wá gbé e fún ẹni tó ń gbowó pé kó ṣáà jẹ́ kó sinmi. Ẹni tó sì jókòó ọdún mẹ́rin lórí ìsinmi ọ̀hún, tó ń wo ebi lójú kó má baà fọwọ́ kàn án, òun ni wọ́n pè ní ẹni tí kò lo ilẹ̀. Àbíkẹ́yìn dìde kúrò lórí òkúta.

Nígbà tó délé, ó lọ gbé irúgbìn àgbàdo kúrò lókè ààrò.

"Níbo lò ń lọ?" ni Ìyá Àgbà bi í.

"Ojú òkè. Ẹ ní ọdún yìí ló yẹ ká padà sí i."

Ìyá Àgbà na ọwọ́ sí kèrègbè kan lára ògiri. "Mú èyí tó wà nínú kèrègbè kún un," ló wí. "Ìyẹn ń tètè gbó."

Bọ̀dá ní olè ni wọ́n máa pè é. Àbíkẹ́yìn ní kí wọ́n wá pe òun bẹ́ẹ̀.

Láti ìhà odò ló ń gbà wọlé láàárọ̀, nígbà tí agbòòrùn Sójà bá kọjú sí títì. Ó fi koríko sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, nǹkan bí ìwọ̀n ibi tí òkò tí ènìyàn bá jù lè dé. Àárín inú lọ́hùn-ún ló ṣán, ibẹ̀ ló kọ ebè sí. Ilẹ̀ náà gba ọkọ́ bí ẹni tí wọ́n ti ń retí. Kò béèrè ajílẹ̀. Àgbàdo yọ, ó sì ń ga bí ẹni tí wọ́n ń fà lórí.

Ó ti dé orókún kí Sójà tó rí i. Ìtọ̀ ló gbé e wọ inú koríko. Àbíkẹ́yìn ń ro oko lọ́wọ́, ó gbójú sókè, ó bá a tó dúró ṣánṣán, ọwọ́ lára bẹ́líìtì.

"Àǹtí," ló wí, "ẹ ti pa mí."

"Mi ò fọwọ́ kàn yín."

"Tí mo bá lọ sọ fún wọn, wọ́n á bi mí pé níbo ni mo wà nígbà tí ẹ ń gbìn ín."

"Níbo lẹ wà?"

Ó ro ọ̀rọ̀ náà. "Mò ń ṣọ́ ilẹ̀," ló wí, tìbànújẹ́tìbànújẹ́, ó sì padà sábẹ́ agbòòrùn rẹ̀ láìtọ̀.

Ọjọ́ tí ọmọ ìjọba wá yẹ ilẹ̀ wò, àgbàdo ti gbó. Òun àti mánẹ́jà Baba Katakata jọ wá nínú ọkọ̀ funfun kan. Sójà kí wọn, ó wá nǹkan kan tó já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, kò sì gbórí sókè mọ́. Wọ́n la inú koríko kọjá, mánẹ́jà ń sọ̀rọ̀ lọ bí ọ̀gá òun ṣe fẹ́ràn ilẹ̀ tó, ó sọ ọ́ títí ewé àgbàdo fi gbá a lẹ́nu.

Àbíkẹ́yìn dúró láàárín poro pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀. Ìyá Àgbà jókòó sórí àpò, ó ń yẹ ọmọ àgbàdo kan wò. 

"Ta ló ní kí o gbin nǹkan síbí?" ni mánẹ́jà wí. Ọmọ tí kò tó Àbíkẹ́yìn lọ́jọ́ orí ni, síbẹ̀ "o" ló ń pè é.

"Ẹ káàárọ̀, sà," ni Àbíkẹ́yìn dáhùn.

Mánẹ́jà fa ọmọ ìjọba sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Bí ọmọ ìjọba bá kọ ọ́ pé wọ́n gbin nǹkan síbẹ̀, owó ìsinmi Baba Katakata ọdún yìí wọgbó, ìjọba sì lè bi Baba Katakata léèrè ti àwọn ilẹ̀ rẹ̀ yòókù. Ọmọ ìjọba nu òógùn ojú. Ó yí padà, ó rìn padà dé ibi tí àgbàdo ti kan koríko etí títì, ó gbé fóònù sókè, ó ya fọ́tò koríko. Ó ya á lápá ọ̀tún, ó ya á lápá òsì. Ó wá ń tẹ̀ ẹ́.

Àbíkẹ́yìn ti tẹ̀lé e. "Ọ̀gá, kí lẹ kọ?"

Ó fi ọwọ́ bo ojú fóònù. "Pé ó ń sinmi."

"Kí lẹ tún kọ?"

"Pé kò sí irúgbìn kankan lórí rẹ̀."

"Àgbàdo wà lẹ́yìn yín tó ń kàn yín léjìká."

"Madam, ohun tó wà nínú fóònù ni ìjọba mọ̀."

"Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ̀yin mọ̀?" Ó gbé apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀. "Nígbà tí nǹkan kan ò sí níbẹ̀ bí kò ṣe ìsinmi, ẹ ní a ò lò ó. Nísinsìnyí tí oúnjẹ kún un, ẹ ní kò sí nǹkan kan. Ojú wo lẹ fi ń wo ilẹ̀ yìí, ọ̀gá? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi, kí n lè mọ irú ojú tí ẹ fi ń wo àwa náà."

Ọmọ ìjọba fi fóònù sápò. Ó lọ sídìí ọkọ̀.

"Ọlọ́pàá ló máa bá ẹ sọ èyí tó kù," ni mánẹ́jà wí. "Tí o bá gé ẹyọ kan níbẹ̀, olè ni ẹ́."

"Olè kí ni, ọmọ mi?" Ìyá Àgbà ni. Ó ti fi ọ̀pá gbé ara rẹ̀ dìde, ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ láàárín ebè. "Kí lẹ máa sọ fún ọlọ́pàá pé ó jí? Mo gbọ́ tí ọmọ ìjọba ní kò sí nǹkan kan níbí."

Mánẹ́jà wo ọkọ̀, ọmọ ìjọba sì ti wọnú rẹ̀, ó ti gbé dígí sókè.

Ní ọjọ́ kejì, iwájú títì ni wọ́n gbà wọlé, lójú ọ̀sán gangan. Bọ̀dá wá. Kò sọ pé òun ń bọ̀, ó kàn dé pẹ̀lú àdá àti àpò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya àgbàdo ní ìlà tó kángun sí irin pupa. Ọkọ̀ funfun dúró lódìkejì títì, mánẹ́jà jókòó sínú rẹ̀, ó ń wò wọ́n. Kò sọ̀kalẹ̀. Sójà bá wọn di ẹnu àpò mẹ́ta kó tó rántí ẹni tó gbà á síṣẹ́.

Nígbà tí oòrùn ń rọlẹ̀, Bọ̀dá nu ojú. "Èyí máa gbé wa dé ọdún mìíràn," ló wí. "Mi ò ní tọwọ́ bọ ìwé yẹn lọ́dún yìí. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ wọn, Àbíkẹ́yìn. Má tan ara rẹ."

"Mo mọ̀."

"Ọmọ ìjọba á gbowó oṣù. Baba Katakata á gbowó ìsinmi."

"Mo mọ̀, Bọ̀dá."

Àbíkẹ́yìn gbé àpò tó kẹ́yìn rù. Kò gba ọ̀nà ilé tààrà. Ó sọdá títì lọ sídìí ọkọ̀ funfun, ó fi ìka kan dígí títí mánẹ́jà fi sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀, ìwọ̀n tí ọ̀rọ̀ lè gbà wọlé.

"Ẹ bá mi kí ọmọ ìjọba," ló wí. "Ẹ ní kó tètè wá lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ̀wà la máa gbìn, ó kúrú, kò ní kàn án léjìká."